Ẹsẹ̀ Dúdú tí Mo Mọ fún Morẹ́nikẹ́

Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe mí níbi láyé yìí ni Morẹ́nikẹ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n dárúkọ rẹ̀ gbàgàdà báyìí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi. Láti kékeré títí mo fi kúrò nílé, "Ẹ̀gbọ́n mi" ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń kọ ìwé yìí, kò sì sí ẹni tó máa ní kí n kúnlẹ̀ kọ ọ́.

Olùkọ́ ni bàbá wa ní Ìlaròó. Ó ní oko obì kan ní Ìlobì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, ó mú èmi àti Morẹ́nikẹ́ lọ síbẹ̀, ó sì pín oko náà fún wa lójú ara wa: apá kan fún ẹ̀gbọ́n mi, apá kejì fún èmi. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀. Bàbá ò kọ ọ́ síbì kankan. Ó gbà pé àwọn ọmọ tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ́ ní ìwé kò ní purọ́ mọ́ òun lẹ́yìn ikú.

Bàbá kú. Ọkọ mi náà kú. Kí n tó bọ́ aṣọ dúdú, ẹ̀gbọ́n mi ti ta gbogbo oko náà pátá, tirẹ̀ àti tèmi. Nígbà tí mo bèèrè níwájú ẹbí, ó ní Bàbá ò fún mi ní nǹkan kan rí. Ó wá fi kún un, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń káàánú mi:

"Àní bó bá tiẹ̀ fún ọ, ta lo fẹ́ fi sílẹ̀ fún?"

Mi ò bímọ. Kò sí ẹni tó wà ní pálọ̀ yẹn tí kò mọ̀. Àwọn kan wo ilẹ̀, ẹnì kan ní kí wọ́n gbé omi wá. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ìwé gíga kan ní Ayétòrò. Mo dìde, mo gbé báàgì mi, mo sì pinnu pé mi ò ní gbé níbi tí ohùn obìnrin yẹn ti lè kàn mí mọ́. Kì í ṣe ilẹ̀ ni mò ń wá lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe owó ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Bàbá fún mi.

Ìlú kékeré kan létí òkun ní ilẹ̀ Faransé ni mo bá ara mi. Ìyá wa jẹ́ ọmọ Kétu, lódìkejì ibodè, nítorí náà mo rò pé mo gbọ́ Faransé. Faransé ìyá ìyá mi ni mo gbọ́. Èyí tí àwọn ará ìlú yìí ń sọ, wọ́n á gbé ìdajì rẹ̀ mì, wọ́n á fi imú sọ ìyókù. Odidi oṣù ni mo fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí etí rẹ̀ di.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débi iṣẹ́, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo fà sẹ́yìn. Ó kù díẹ̀ kí n bi í bóyá òun àti ọkọ mi jọ mọra ni. Bí wọ́n ṣe ń kíra nìyẹn. Nígbà tí ọdún Kérésì dé, wọ́n ní a máa jẹ ìgbín, inú mi dùn débi pé mi ò jẹun àárọ̀. Ìgbín tí wọ́n gbé wá kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Tí ọmọdé bá mú irú rẹ̀ wálé ní Imáṣàyí lẹ́bàá Ayétòrò, ìyá rẹ̀ á ní kó dá a padà sínú igbó kó lọ dàgbà.

Èyí tó burú jù ni ìdákẹ́jẹ́. Mo lè wọ yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí n má gbọ́ ohùn èèyàn títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó máa ní ẹ káàárọ̀, kò sẹ́ni tó máa ní ẹ kú ìjókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí fíríìjì. Tó bá ń hùn, mo máa ní, "O kú iṣẹ́." Mo mọ̀ pé kò bójú mu fún obìnrin tó kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà.

Ilé iṣẹ́ tó gbà mí ń ṣe ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń díje lórí òkun. Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ilẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa gbá. Eruku tó wà nílẹ̀ yẹn, nígbà tí wọ́n bá ti fi ayùn gé nǹkan, ń yúnni bí wèrèpè. Mo máa ń délé, màá dúró lábẹ́ omi tútù, màá sì máa ṣépè fún Morẹ́nikẹ́, torí òun ló lé mi dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú mi ò fọ́. Mo rí i pé wọn kì í to aṣọ kábọ́ọ̀nù sójú kan náà. Wọ́n á tẹ́ ọ̀kan lóròó, wọ́n á tẹ́ èkejì ní ìdágẹ̀rẹ́ lé e. Ní ọjọ́ kan mo bi ọ̀gá wa, Gérard, ìdí rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ìgbálẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé mo ń dúró de èsì, ó fà mí lọ́wọ́ síbi tábìlì, ó sì ṣàlàyé. Aṣọ dúdú tó ń dán ni kábọ́ọ̀nù tó bá ṣì wà ní gbígbẹ. Ó rọ̀, ẹ lè ká a sápò. Tí ẹ bá fi rẹ́síìnì rin ín, ìyẹn oje kan tó ń gan bí àtè, tí oje náà sì gbẹ, yóò le ju irin lọ, síbẹ̀ ọmọ kékeré lè gbé e. Àmọ́ ọ̀nà tí òwú rẹ̀ bá na sí nìkan ni agbára rẹ̀ wà. Tí ẹ bá fà á lóròó, kò ní já. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní ìbú, yóò là bí igi ìdáná. Ẹni tó fẹ́ kí nǹkan lágbára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìyà ti máa wá bá a.

Mo rántí pé mo dúró síbẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn tó lọ́pọlọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Gérard gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní síṣọ́ọ̀sì.

Ohun tó yá mi lọ́wọ́ jù ni èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá ṣe. Wọ́n á tẹ́ aṣọ gbígbẹ sínú mọ́ọ̀dù tó ní ìrísí ọkọ̀, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, wọ́n á lẹ etí rẹ̀ pa, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ọ̀rá á wá fún aṣọ náà mọ́lẹ̀ pinpin, rẹ́síìnì á gba ojú páìpù wọlé, á rin ín láti ìdí dé orí. Àwọn tó kù ń bẹ̀rù pé rẹ́síìnì lè pọ̀ jù tàbí kó kéré jù. Èmi dàgbà nídìí ẹ̀rọ gàrí. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì fún àpò ẹ̀gẹ́: tí omi bá kù nínú rẹ̀, kò ní yan, tí wọ́n bá fún un jù, á di eruku. Ojú tí mo fi ń wo àpò ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń wo ọ̀rá náà. Nígbà tí iṣẹ́ bá gbẹ tán, a máa ń fi owó ẹyọ onírin kàn án káàkiri láti gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ há sí, nítorí ohùn ibẹ̀ máa ń wálẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí láti wá fetí sí tiwọn. Nítorí pé gbogbo ìgbà ni mò ń ní "lọ́dọ̀ wa ní Ìlaròó", wọ́n sọ mí ní Madame Ilaro. Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Nílé, wọn kì í pè mí lórúkọ ìlú. Ìyá ẹnì kan ni wọ́n máa ń pe obìnrin.

Mo máa ń pe ilé lọ́jọ́ ọdún, nítorí Fúnmiláyọ̀, ọmọ Morẹ́nikẹ́, tí kò ṣẹ̀ mí. Ìyá rẹ̀ á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ṣì ń lẹ nǹkan fún àwọn òyìnbó?"

Màá ní mo ṣì ń lẹ ẹ́. Màá bèèrè ara, màá bèèrè ìjọ. Lẹ́yìn náà màá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìlobì yẹn ńkọ́?" Á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Bó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìlaròó kì í dáa rí tí mo bá ti dé Ìlobì.

Àwa tí wọ́n bí nítòsí ibodè mọ̀ pé ìlà tí ìjọba fà lè gba àárín agbo ilé kan kọjá, kí èèyàn jí láàárọ̀ kó rí i pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni ìyá ìyá òun wà. Mo rò pé ìyẹn ti pèsè mi sílẹ̀ fún ilẹ̀ àjèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ibodè tiwa, èdè kan náà ni mo fi ń kí ẹni tó wà níhìn-ín àti ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Níbí, wọ́n ń bi mí pé nígbà wo ni màá padà. Tí mo bá sì pe ilé, wọ́n á ní "àwa níbí" àti "ẹ̀yin lọ́hùn-ún". Nígbà tó yá, mo gbà pé tábìlì iṣẹ́ mi ni ìlú mi. Ó gùn, ó mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè tà á mọ́ mi lórí.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí Fúnmiláyọ̀ pè mí lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Àtọ̀gbẹ ti ba ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ti gé e lábẹ́ orúnkún. Wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń bó o lára. Ó ti jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí, Màmá ò jáde mọ́. Wọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ará Ìlaròó kankan rí àwọn níbi tí àwọn ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Inú òkùnkùn ni wọ́n máa ń jókòó sí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ó tọ́ sí i. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ẹni tó jókòó sínú òkùnkùn lè kú síbẹ̀, tó bá sì kú, yàtọ̀ sí èmi, òun nìkan ló mọ ohun tí Bàbá sọ. Kì í ṣe àánú ló gbé mi dìde. Mo fẹ́ fún Morẹ́nikẹ́ ní ohun tí kò ní lè tà.

Ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta fi POP tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ mú ìrísí ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà, ẹnì kan sì bá mi gbé e dé. Mo tú u nínú aṣọ. Ó funfun, ó wúwo, eegun iwájú rẹ̀ yọ díẹ̀ bíi ti ìyá wa. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní pálọ̀ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi máa kan ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Mo gbé e ka orí tábìlì, mo lọ po tíì.

Gérard, tí irun rẹ̀ ti funfun, ti fún mi láyè ní igun kan nílé iṣẹ́ náà. Ó ní ká lo aṣọ tí wọ́n ti fi rẹ́síìnì rin sílẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú sínú fíríísà, tí wọ́n sì ń fi iná àti agbára afẹ́fẹ́ sè nínú ààrò ńlá. Kò sí èyí tó fúyẹ́ tó o, kò sì sí èyí tó lágbára tó o. Mo ní POP ò lè wọ ààrò yẹn. Omi inú rẹ̀ á là á. Ó ní kí n wá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Mo ní fífi ọwọ́ kùn máa ń mu rẹ́síìnì jù, ó sì máa wúwo, wíwúwo náà ló sì lé e wọ inú òkùnkùn. Ọ̀rá àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ni mo yàn.

Mo lo aṣọ híhun tó rọ̀ láti yí eegun po, mo tẹ́ ẹ ní ìdágẹ̀rẹ́ kó lè gba lílọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń yí padà. Mo fi ọ̀já tí òwú rẹ̀ na lóròó sí iwájú àti ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ máa tẹ̀. Mo fi aṣọ gíláàsì sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n máa ti so irin mọ́ ọn, nítorí tí kábọ́ọ̀nù bá kan alumíníọ̀mù tí òógùn sì wà níbẹ̀, alumíníọ̀mù á jẹrà. Mo fi aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù àwọn sójà tí ọta ìbọn kì í wọ̀ yí etí òkè ká, kó má baà gún un tó bá ṣẹ́. Ní ti rẹ́síìnì, èyí tí mo ti ń lò fún ọkọ̀ ojú omi láti ọdún pípẹ́ ni mo lò, èyí tó ń gbẹ fúnra rẹ̀ láìsí iná. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó jáde dáadáa. Mo fi owó ẹyọ kàn án, ohùn kan náà ni láti òkè délẹ̀. Mo fi ránṣẹ́, wọ́n so ó mọ́ irin àti àtẹ́lẹsẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ sì fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Morẹ́nikẹ́ rìn láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo inú fóònù, ó ní, "Ó fúyẹ́. Kí ló wá dúdú tó báyìí?" Lẹ́yìn náà ló pa fídíò náà.

Kò tó oṣù kan tí Fúnmiláyọ̀ fi tún pè. Ẹsẹ̀ náà ti wọ́. Ẹnu rẹ̀ ti ṣe jágbajàgba, kò bá ara ìyá rẹ̀ mu mọ́. Mo ní kó gbé fóònù fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi ẹsẹ̀ ṣe?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni. Ṣé mi ò ní fọ̀ ọ́ ni?"

"Lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Mo ní kí wọ́n sá a."

"Síbo?"

"Sórí pánù kíṣìnnì. Níbo ni kí wọ́n sá a sí? Inú fíríìjì?"

Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ibo ni àwa ti ń sá láfún? Ibo ni ìyá wa ń sá bàtà ilé ìwé wa sí? Gbogbo ohun tó bá tutù nílé wa, orí pánù ló ń lọ. Oòrùn ọ̀sán lórí pánù ní Ìlaròó máa ń jó ọwọ́ èèyàn, rẹ́síìnì tó sì gbẹ nínú òtútù láìrí iná máa ń rọ̀ tí ooru bá kàn án tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo kọ́ físíìsì mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ti pẹ́ nílẹ̀ òtútù débi pé mo mọ ẹsẹ̀ fún obìnrin Ìlaròó, mo sì gbàgbé oòrùn Ìlaròó. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ pé "ẹ̀yin lọ́hùn-ún", mo máa ń bínú. Ẹsẹ̀ yẹn gbè wọ́n lẹ́yìn.

Mo sọ fún un pé kó má jù ú nù, pé mò ń ṣe òmíràn. Ó ní ṣé kí òun má wá sá a mọ́. Mo ní kó máa sá a.

Rẹ́síìnì mìíràn ni mo lò nígbà kejì, irú tó lè gba ooru. Lẹ́yìn tó gbẹ tí mo sì ti fọ́ POP kúrò nínú rẹ̀, mo gbé e sínú ààrò, mo ń fi iná kún un díẹ̀díẹ̀, torí tí ooru bá yá jù, òun náà á wọ́. Gérard bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ se ẹsẹ̀ náà jẹ ni. Mo ní ó máa sá a sórí òrùlé. Ó bi mí ìdí. Mo ṣàlàyé láfún fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá dìde, ó fi iná ààrò kún un sí i.

Mi ò fi èyí rán ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sílé.

Morẹ́nikẹ́ ti kéré. Inú àga tó kún nígbà kan, àyè wà lápá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀. Orúnkún mi ò gbà kí n kúnlẹ̀ mọ́, mo kàn tẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "O ti darúgbó." Mo ní, "Ẹ̀yin náà." Fúnmiláyọ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ó lọ se oúnjẹ.

Lọ́jọ́ tí ẹni tó ń so ẹsẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta, tó ṣe tirẹ̀ tán, mo gba ẹsẹ̀ náà, mo fọ̀ ọ́, mo sì ní kí wọ́n gbé e sórí pánù ní ọ̀sán gangan. Àwọn ará ilé dúró ń wòkè. Ẹnì kan bi mí bóyá mo fẹ́ kí ẹyẹ gbé e ni. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí fàráńdà, ó ń wo òrùlé bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran. Ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ yí ẹnu rẹ̀ ká, mo fi owó ẹyọ kàn án. Ohùn rẹ̀ pé.

Ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó rìn kọjá lára mi, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá, ó rìn títí dé ẹnu géètì, ó sì dúró síta gbangba níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí i. Àwọn tó ń kọjá ń kí i. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bèèrè ọmọ wọn. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó tó mi.

Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí Fúnmiláyọ̀ gbé mọ́tò jáde. Fúnmiláyọ̀ bi í ibi tó ń lọ. Ó ní kó sáà máa wà á. Nígbà tí a yà sójú ọ̀nà Ìlobì, mo wo ojú rẹ̀ nínú díńgí, kò wò mí.

Igi obì ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn ló kún ibẹ̀, àti ilé búlọ́ọ̀kù kan tí wọn ò tíì rẹ́. Ọ̀nà ò gba mọ́tò wọlé. Morẹ́nikẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kọ apá Fúnmiláyọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ dúdú náà tẹ ebè kan tẹ̀ lé òmíràn, èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi méjèèjì tí ń ro mí. Ó rìn wọ inú oko náà jìnnà. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún díẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń wá ojú àmì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní:

"Ibí gan-an ni Bàbá dúró sí nígbà tó fún ọ. Mo gbọ́ ọ ketekete. Kì í ṣe pé mo gbàgbé."